Mọ́nítọ̀ Tó Yadi: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Wáyà Wò Ká Tó Dá Ọmọ Lẹ́bi

  

Lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ la fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti lé ní àádọ́ta ọdún, nígbà tí a sì wà nílé-ìwé girama, taipuráítà tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni ẹ̀rọ tó lágbára jù lọ tí a fojú rí. A kò pe ara wa ní ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìpàdé wa tó kọ́ wa lọ́gbọ́n, ó sì tún dójú tì wá. Èyí tó dójú tì wá yẹn gan-an la rò pé ó yẹ ká sọ síta, torí ẹni tó bá bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti kékeré la ti mọ òwe yìí. Àìmọye ìgbà la ti pa á fún ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n gbé ìjà wá síwájú wa. Kò sẹ́ni tó pa á fún wa lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn wá.

Yàrá ìpàdé wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí Warri–Sapele Road, níbi tí ariwo kẹ̀kẹ́ àti ti ọkọ̀ kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a dá owó jọ, a ra kọ̀ǹpútà Tọ́kunbọ̀ kan, a sì ra mọ́nítọ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí sípíkà wà nínú rẹ̀, kó má baà di pé a tún ń wá sípíkà kiri. Kì í ṣe fáàrí la fi rà á. Torí àwọn ọmọ wa ni.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe rí. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Warri, Píjìnì ló máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ kí “ẹ káàárọ̀” tó yọ. A kò bá Píjìnì jà. Òun lọmọ fi ń rí ọ̀rẹ́, òun la fi ń nájà ní Igbudu. Àwọn Urhobo, Itsekiri àti Ijaw tí wọ́n gbà wá sílẹ̀, a máa ń gbọ́ táwọn àgbà wọn náà ń ráhùn pé àwọn ọmọ kò fẹ́ sọ èdè ilé mọ́. Ṣùgbọ́n tiwọn sàn díẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n wà. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, bí ọmọ wa kò bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa, kò sí ibòmíràn tí yóò ti gbọ́ ọ. Bí a bá mú un dé ilé nígbà ọdún, tí ìyá àgbà kí i, á kàn máa wo ẹnu wọn ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó àwọn ọmọ jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Àgbàlagbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé máa ń ka ẹ̀kọ́ sínú fídíò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a óò gbé e sórí kọ̀ǹpútà fáwọn ọmọ. Nígbà mìíràn, a máa ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìròyìn BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, kí wọ́n lè mọ̀ pé èdè wọn kì í ṣe èdè àwọn arúgbó nìkan. Ọmọ mẹ́tàlélógún ló ń wá déédéé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé ohùn ni èdè wa. Ẹ fi ojú lásán wo igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, bákan náà ni wọ́n jọ rí lójú ọmọ tí kò tíì mọ àmì. Ọ̀kan jẹ́ òǹkà, ọ̀kan jẹ́ ohun tí a fi ń bu omi, ọ̀kan jẹ́ àkókò, ọ̀kan sì jẹ́ èso tí à ń jẹ. Bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Kò sí àwòrán tó lè fi ìyàtọ̀ wọn han ọmọ, àfi kó gbọ́ ọ. Mọ́nítọ̀ tí kò bá dún, odi ni nídìí ẹ̀kọ́ Yorùbá.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà òjò, tí a tan kọ̀ǹpútà, tí àwòrán yọ rekete, tí ẹnu olùkọ́ ń mì, tí a kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. A tẹ èyí, a tẹ tọ̀hún, pàbó ló já sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń bá wa tọ́jú yàrá náà. Ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ ni, kò gba owó lọ́wọ́ wa, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, òjò jò sórí tábìlì, òun ló gbé kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí omi má baà bà wọ́n jẹ́. Ohun tí à bá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ la fi dá a lẹ́bi. A ní ó ti já a lulẹ̀. Ó ní òun kò já a. A ní ta ló tún fọwọ́ kàn án? Kò rí ẹnì kankan dárúkọ.

A pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. A kò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí rẹ̀. Kò pààrọ̀ wáyà, kò ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, ó mi orí, ó ní sípíkà inú rẹ̀ ti jóná, owó iṣẹ́ àti owó ẹ̀yà tuntun jẹ́ 38,000 náírà. Bí ẹni pé a ti ń retí kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni. A ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà san ìdajì.

Kò fèsì, ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá lé wa lọ́wọ́, kò sì wá mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ tó ń din àkàrà wá bá wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí a má bínú sí ọmọ òun, ó tú ọ̀rá kékeré kan, ó ka 5,000 náírà sílẹ̀, ó ní òun á máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. A gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: a gbà á. A tilẹ̀ kọ rìsíìtì fún un.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ẹ̀kọ́ fi dúró. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ mẹ́fà péré ló wá.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ń kàwé nílé-ìwé gíga mú àbúrò rẹ̀ wá. Ó bá wa tí à ń ṣàròyé owó tí a óò fi tún mọ́nítọ̀ ṣe. Ó tẹ́tí díẹ̀, ó wá ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Irú wáyà wo lẹ fi so ó?”

A ní, “Wáyà kọ̀ǹpútà ni.”

Ó ní, “Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló ń gbé. Òmíràn ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀.”

Ó yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ sí wa, ó fi ọwọ́ kan wáyà tí orí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ó ní VGA nìyí, ohùn kò lè gba inú rẹ̀ kọjá láéláé. Ó wá béèrè pé, “HDMI yín dà?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwa ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti yọ wáyà HDMI lọ sílé rẹ̀ nígbà ìkómọ, torí ti dikódà rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn àlejò rẹ̀ sì fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Kó tó lọ, ó wá wáyà búlúù tó bá kọ̀ǹpútà náà wá láti ọjà, ó fi so ó, ó rí àwòrán, ó sì rò pé ó ti parí. Ó tọrọ àyè kó tó mú un. Lọ́wọ́ ta ló ti tọrọ àyè? Lọ́wọ́ àwa náà ni. Àwa la ní kó máa mú un lọ.

A ránni lọ mú wáyà náà wá. A so ó. Kò dún. Àwọn kan ti ń kùn pé, “Ṣé ẹ rí i báyìí, sípíkà ti jóná.” Ọmọbìnrin náà kò dá wọn lóhùn. Ó tẹ àwòrán sípíkà kékeré tó wà ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, ó fi hàn wá pé kọ̀ǹpútà ṣì ń darí ohùn lọ sí ihò tó wà lẹ́yìn ara rẹ̀, níbi tí kò sí ohun kan tí a so mọ́ ọn. Ó yan orúkọ mọ́nítọ̀. Síbẹ̀, kò dún. Ó tẹ bọ́tìnnì abẹ́ mọ́nítọ̀, ó wọ mẹ́nù, ó bá Volume ní òdo. Ẹnì kan nínú wa ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i walẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń tẹ èyí tẹ tọ̀hún. Ó gbé e sókè. Ohùn olùkọ́ wa nílé sì dún wàá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé dáadáa lẹ wà?” Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa àgbàlagbà kò lè dáhùn.

Ogún ìṣẹ́jú, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Sípíkà kò jóná rí. Ọmọ ọlọ́mọ kò já ohunkóhun lulẹ̀.

Torí náà, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ mìíràn, sí ìjọ mìíràn, sí ilé-ìwé tàbí sí baba tó ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀, a ti to ohun tí a kọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láti orí èyí tó rọrùn jù lọ la ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa náni lówó la fi sẹ́yìn.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé mọ́nítọ̀ yín ní sípíkà. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ Tọ́kunbọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti ọ́fíìsì ìlú òyìnbó kò ní rárá. Bí ẹ bá rí ihò kékeré tí wọ́n ya àwòrán íápíìsì sí, ìyẹn kì í ṣe sípíkà. Ẹ wo inú mẹ́nù mọ́nítọ̀ bóyá ibi tí wọ́n kọ Volume tàbí Audio sí wà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan lè máa wá ohùn ní ibi tí kò sí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Èkejì, ẹ yẹ ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń dín ohùn kù wò. Fídíò tí ẹ ń wò ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, mọ́nítọ̀ náà ní tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà ní òdo, tàbí tí wọ́n bá ti pa á sí Mute, àwọn méjì yòókù ń ṣe wàhálà lásán ni. Ẹ tún yọ íápíìsì tó bá wà lára mọ́nítọ̀ kúrò, torí bí íápíìsì bá wà níbẹ̀, sípíkà sábà máa ń dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo wáyà. Èyí ló ṣe tiwa. VGA ni èyí tó ní abẹ́rẹ́ 15 ní ìlà mẹ́ta, tó sì ní síkúrù méjì tí a ń fọwọ́ yí. Iléeṣẹ́ IBM ló gbé e jáde ní 1987, fún àwòrán nìkan. DVI tó jáde ní 1999 náà, àwòrán ni wọ́n ṣe é fún, lọ́pọ̀ ìgbà kì í gbé ohùn. HDMI, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ìparí 2002, àti DisplayPort tó tẹ̀ lé e ní 2006, àwọn ni wọ́n ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀ nínú wáyà kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ VGA nìkan ni kọ̀ǹpútà yín ní, ẹ ra wáyà ohùn tó ní orí kékeré ní ìhà méjèèjì, irú èyí tó ń wọ ihò íápíìsì. Ẹ ki orí kan bọ ihò ewéko tútù tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ẹ ki ìkejì bọ ibi tí wọ́n kọ Audio In sí lára mọ́nítọ̀. Ẹ má ṣi í kì bọ ihò íápíìsì mọ́nítọ̀, torí ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde, kì í ṣe ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Bákan náà, bí ẹ bá fi ohun tí wọ́n fi ń sọ HDMI di VGA sí àárín, ohùn á dúró síbẹ̀, àfi bí ohun náà bá ní ihò ohùn tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé ibo ló ń darí ohùn sí. Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ àwòrán sípíkà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ wá orúkọ mọ́nítọ̀ yín nínú àwọn tó bá yọ, tàbí kí ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ System, kí ẹ wọ Sound, níbi tí wọ́n kọ Output sí. Nígbà mìíràn, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ló máa wà níbẹ̀, bíi Intel, NVIDIA tàbí AMD. Bí ẹ bá ti so íápíìsì aláìníwáyà mọ́ ọn rí, ó lè jẹ́ òun ló gba ohùn mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí orúkọ mọ́nítọ̀ kò bá yọ rárá, ẹ pa nǹkan méjèèjì, ẹ yọ wáyà ní ìhà méjèèjì, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ tún wọn tàn. Ẹ yẹ ibi tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí lára mọ́nítọ̀ wò. Bí kò bá tíì yọ, ó lè jẹ́ dráífà ohùn ló ní àléébù, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀yà ohùn sọ̀rọ̀. Ẹ gba tuntun láti ojú ìwé iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, kì í ṣe láti ibikíbi tí ẹ bá ṣáà rí.

Ẹ̀kẹfà, ẹ dán an wò pẹ̀lú nǹkan mìíràn. Ẹ fi wáyà HDMI kan náà so láptọ́ọ̀pù mìíràn tàbí dikódà mọ́ mọ́nítọ̀. Bó bá dún, ara mọ́nítọ̀ yá, kọ̀ǹpútà ló ní ẹjọ́. Bí kò bá dún, ẹ pààrọ̀ wáyà. Lẹ́yìn náà, ẹ ki íápíìsì bọ mọ́nítọ̀. Bí ohùn bá jáde nínú íápíìsì, tó bá sì dákẹ́ nínú sípíkà, ìgbà yẹn gan-an lẹ tó lè máa fura sí sípíkà. Kí ẹ tó dé ibí, ẹnikẹ́ni tó bá ní sípíkà ti jóná, ó ń sọ ohun tí kò tíì mọ̀.

Èkeje, ẹ má tú ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ fúnra yín. Iná lè kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì lè ṣèèyàn léṣe. Bí ọ̀ràn bá dé ibẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Tàbí kí ẹ kúkú ra sípíkà kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ihò ewéko tútù lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní gbogbo èyí, ohun kan ló ṣe pàtàkì jù: nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Kí ẹ sì rántí pé àléébù méjì tàbí mẹ́ta lè jókòó papọ̀, bíi tiwa. Ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe tí kò dún, kó má tíì ní òun ti kùnà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Nígbà tí a sọ fún ìgbìmọ̀ pé ó yẹ ká tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ìpàdé, àwọn kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní bí àgbà bá ń bẹ ọmọdé ní gbangba, ọ̀wọ̀ àgbà á dínkù. Wọ́n ní ká kàn dá owó ìyá rẹ̀ padà ní kọ̀rọ̀. Èrò tiwa ni pé gbangba la ti fẹ̀sùn kàn án, gbangba náà ló yẹ ká ti dá a láre. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí a bá fọ́ ọ lójú ọjà, a kò lè lọ kó èéfọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ọ̀wọ̀ tó bá sì dínkù nítorí pé a sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀wọ̀ gidi tẹ́lẹ̀.

A lọ sílé wọn. A dá 5,000 náírà ìyá padà, a sì ya rìsíìtì náà lójú wọn. Lọ́jọ́ ìpàdé, a dìde, a dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ wa, ẹni tó mú wáyà náà dìde, òun náà sọ tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní ká jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ wa ná. Ọwọ́ wa ló wà títí di òní tí à ń kọ èyí. A kò bá a jà. Ohùn mọ́nítọ̀ padà láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọkàn èèyàn kò ní bọ́tìnnì.

Ohun tí a wá ń rọ gbogbo ẹgbẹ́ Yorùbá nílẹ̀ yìí ni ìwọ̀nyí. Ẹ fi bébà kékeré kọ orúkọ sára gbogbo wáyà tó bá wà ní yàrá ìpàdé yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ alága. Ẹ má san owó fún ẹni tó ń tún nǹkan ṣe àfi tó bá fi ibi tó bàjẹ́ hàn yín lójúkorojú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, kí ẹgbẹ́ san owó ẹ̀kọ́ wọn. Owó tí à ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tó o. Kí ẹ sì má tijú láti bi ọmọdé léèrè. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú gbogbo wa tí a jókòó ní yàrá yẹn, ọmọbìnrin tó kéré jù lọ nìkan ló béèrè ìbéèrè kí ó tó dájọ́.

Àwọn ọmọ ti ń padà bọ̀. Méjìdínlógún ló wá ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Bí ẹ bá ń kọjá ní Warri–Sapele Road lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí ẹ bá gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pe igbá àti ìgbà láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ yà wá kí wa. Ẹ mú ọmọ yín dání. Àti pé bí ẹ bá mọ ìyá tó ń din àkàrà yẹn, ẹ ràjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o. Ó tún di ìgbà mìíràn.